Àsọyé Tí Àlàájà Fàósátù Pe Èèyàn Sí

Mojúbàolú ti ṣe ètò àsọyé mẹ́ta ní yunifásítì tí ó ti ń kọ́ni ní Ìkòròdú. Ìròyìn, òṣèlú àti ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n dá lé lórí. Gbogbo ìlú ni ó pè. Ìlú kò wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí ó wá, òjò ni ó lé wọn wọlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláògún, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

“Mojú, bí èyí tó ń bọ̀ yìí bá tún ṣófo, a pa ètò náà tì nìyẹn. A ò lè máa bá àga sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́, sà.”

Láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Ìkìrun wá gba yàrá ní Lásùnwọ̀n, ètò yìí nìkan ni ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ yunifásítì rí wọlé, kí ó jókòó, kí ó béèrè ọ̀rọ̀.

“Pe màmá mi,” ni Rodiat ìyàwó rẹ̀ wí.

“Màmá? Ní Ẹ̀pẹ́?”

“Ta ló tún mọ èèyàn jù wọ́n lọ?”

Àlàájà Fàósátù, ìyá Rodiat, ni olórí àwọn tí ń ta ẹja ní ọjà Ẹ̀pẹ́. Bí ó bá sín lórí Wọ́sáàpù, ọjà á ti kí i kí ó tó nu imú. Mojúbàolú bọ́ fìlà kí ó tó pè é.

“Ọkọ Rodiat, kí ni ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

“Àsọyé ni, Màmá. Bí irọ́ ṣe ń rìn lórí fóònù nígbà ìbò.”

“Ó dára. Fi í sílẹ̀ fún mi.”

Ó fi í sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ ojú omi ń já èèyàn sí èbúté Ìpakodò. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà Ìtòikín wá. Wọ́n wọ gbọ̀ngàn bí omi ṣe ń wọ ọkọ̀ tí ó lu. Àga tán, wọ́n jókòó sí àtẹ̀gùn. Àlàájà wà níwájú pátápátá nínú ìborùn funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò yíká, ó bọ Mojúbàolú lọ́wọ́.

“Kí lo fi pè wọ́n?”

“Ìyá ìyàwó mi ni, sà.”

Ìgbà tí Mojúbàolú gun orí pèpéle ni ó rí àwọn àpò. Àpò òfìfo, wọ́n ká a sórí itan. Kí ó tó la ẹnu, ọkùnrin kan nawọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ pín in ni, àbí ẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?”

“Pín kí ni?”

“Fóònù.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

Bí Mojúbàolú bá ní ọ̀rọ̀ ni ó máa ṣíwájú, wọn á jókòó títí dé òpin. Ọ̀jọ̀gbọ́n á rí èèyàn, ètò á sì yè. Ó rò ó wò. Ṣùgbọ́n àkọlé àsọyé náà wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, gàdàgbà: Bí Irọ́ Ṣe Ń Rìn. Ojú tì í.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí fóònù. Kò sí ohun tí a fẹ́ pín. Ọ̀rọ̀ nìkan ni.”

Ariwo sọ.

“Ọ̀rọ̀ nìkan kẹ̀?”

“Èmi tí mo ti fi tèmi ta àbúrò mi lọ́rẹ!”

Àwọn kan dìde, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn.

“Ẹ lè máa lọ,” Mojúbàolú wí, “àmọ́ ẹ dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ kan. Ta ló sọ fún yín pé fóònù wà?”

Yísà, awakọ̀ ojú omi tí ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, gbé fóònù rẹ̀ sókè. “Ààfáà Zikrullah ni. Ohùn wọn rèé.”

Ààfáà, tí ó ní ilé kéú ní Ẹ̀pẹ́, dìde. “Àsítágífúrúláì! N kò dá irọ́ sílẹ̀ o. Ìbíjọkẹ́ ló ní olóṣèlú kan ló pè wá. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Kí ni olóṣèlú fẹ́ pín níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bí kò ṣe fóònù?”

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tí ó ń lọ dúró.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,” Ìbíjọkẹ́ ẹlẹ́ja pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Oúnjẹ ni wọ́n sọ fún èmi. Ìbò ń bọ̀, wọ́n pe èèyàn jókòó, wọ́n tún fẹ́ bọ́ wọn. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe olóṣèlú?”

“Òótọ́ ni!”

“Ta ló wá sọ ti oúnjẹ fún yín?”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kí Mojúbàolú tó rí ibi tí ojú Ìbíjọkẹ́ ń lọ. Iwájú ni. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo iwájú. A kì í ká irọ́ mọ́ àna ẹni lọ́wọ́ lójú èrò.

“Ó ti tó,” ó yára wí. “Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.”

“Má fi í síbẹ̀.” Àlàájà ti dìde. Ó gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Èmi ni. Ọkọ ọmọ mi ò sọ oúnjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pe àgbà jókòó di ọ̀sán, tí wọn ò ní fi nǹkan kàn án lẹ́nu. Mo ní bóyá ojú ló ń tì í. Mo bá bá a sọ ọ́.”

Mojúbàolú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òrùlé.

“Dìde, ọkọ mi. Ṣebí bí irọ́ ṣe ń rìn lo fẹ́ fi hàn wá? Èmi ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Èmi fẹ́ mọ bí ọmọ mi ṣe rìn dé ibi tó dé.”

Wọ́n jókòó. Mojúbàolú pa ẹ̀rọ tí ń gbé àkọlé sára ògiri.

“Kò sí òpùrọ́ níbí,” ó ní. “Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kálukú fi kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìbò ṣe ń rí. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi í: ṣé o gbọ́ ọ ni, àbí o rò ó?”

Yísà họ orí. “Ọ̀gá, bí mo bá bi Ààfáà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní mo pe àwọn ní òpùrọ́.”

“Màá sọ bẹ́ẹ̀,” Ààfáà dáhùn.

Àlàájà kọjú sí èrò.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá bi mí, kò rí mi fín. Bí mo bá gbà á, ta ni kò ní gbà á?”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè tẹ̀ lé ìbéèrè títí oòrùn fi kúrò láàárín ọ̀run. Kò sí ẹni tí ó rántí ebi, àfi Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ikùn rẹ̀ ń kùn. Òun ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

“Oṣù tó ń bọ̀, Ẹ̀pẹ́ la ti máa ṣe é.”

Mojúbàolú sìn wọ́n dé etí omi ní Ìpakodò. Inú ọkọ̀ ni Àlàájà ti ń ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà.

“Oṣù tó ń bọ̀, àsọyé, ní Ẹ̀pẹ́. Kò sí fóònù. Kò sí oúnjẹ.”

Ìbíjọkẹ́ ti ẹnu bọ̀ ọ́. “Àlàájà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni, àbí ẹ rò ó?”

Àlàájà wò ó títí.

“Mo gbọ́ ọ.” Ó tún gbé fóònù sẹ́nu. “Àmọ́ èmi fúnra mi máa dín ẹja díẹ̀.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìyẹn kúrò!” Mojúbàolú pariwo.

Yísà ti tan ẹ́ńjìnnì.