Ọmọ Yunifásítì Tó Ń So Fèrè Mọ́ Igi

Bí ènìyàn bá kàwé fíísíìsì jáde ní yunifásítì láyé ìgbà náà, ọ̀nà méjì péré ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ fún un: kó di ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba, tàbí kó di ọ̀gá ilé-ìwé. Jayéọlá gbìyànjú ti àkọ́kọ́. Wọ́n fún un ní tábìlì, wọ́n fún un ní àga, wọ́n ní kó máa dúró de iṣẹ́. Ó dúró títí, iṣẹ́ ò dé. Nígbà tí ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó dìde, ó lọ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹnìkan ti lò pa tì, ó tún un ṣe, ó kó o lọ sí Ọ̀yọ́.

Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ó ní fèrè ńlá méjì tí ẹnu wọn fẹ̀ bí agbada, orí igi ni Jayéọlá sì máa ń so wọ́n mọ́ kí ohùn lè rìn jìnnà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí aráyé gbọ́ tòun ló ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀: olóṣèlú, oníwàásí, àwọn tó ń polówó ọṣẹ. Iṣẹ́ ń wọlé. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò sọ fún, ìyá rẹ̀ ni.

Màmá Dorcas, ìyá rẹ̀, ń ta abọ́ tánganran ní Ọjà Igbó. Aládùúrà paraku ni. Nígbà tí ìjọba gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́, ó dìde láàárín ìjọ, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti sọ ọmọ òun di ẹni ńlá. Ìjọ ké halelúyà, wọ́n sì gbé àga iwájú fún un láti ọjọ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ́ tán kí wọ́n tún padà wá pọ̀ ọ́.

Mátíù ló tú àṣírí. Dírẹ́bà ni, ọmọ ìjọ kan náà, ó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Ó kí màmá pé ẹ kú ọjà, ó wá dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Ìyá wa, mo rí Jayéọlá lánàá. Orí igi ló wà."

"Igi wo?"

"Igi ẹ̀gbẹ́ Ọjà Akẹ̀sán. Ó mú okùn dání."

"Kí ló ń fi okùn ṣe?"

"Mi ò dúró wò ó, mà. Ẹ̀rù bà mí."

Màmá Dorcas da aṣọ bo abọ́, ó wọ ọkọ̀ Mátíù. Ó gbàdúrà dé Ọ̀yọ́, Mátíù ń ṣe àmín lórí sítíárì.

Alfa Mashood ló ń ṣe wàásí ní Akẹ̀sán lọ́jọ́ náà. Àkókò ìrun Alásárì ti tó, àlùwàlá ni Alfa àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́. Ó yẹ kí Jayéọlá pa ẹ̀rọ, àmọ́ ó ti pa á nígbà tí wọ́n ń kírun ọ̀sán, ẹ̀rọ irú ìgbà náà sì máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Nígbà tí wàásí tún bẹ̀rẹ̀, ẹnu Alfa ń mì, ohùn ò jáde, àwọn obìnrin sì ń fi ìborùn bo ẹ̀rín. Alfa ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pa á mọ́. Ni Jayéọlá bá jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń ṣọ́ ọ, makirofóònù tí Alfa ń sọ̀rọ̀ sí sì wà níwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a. Ó rí i láàyè, lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti okùn léjìká, ni ẹ̀rù tó ń bà á látàárọ̀ bá di ìbínú.

"Àlàmú, ṣé torí kí o lè máa gun igi fún Alfa ni mo ṣe rán ọ lọ sí yunifásítì?"

Igi náà bi í bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Màmá Dorcas gbọ́ tí obìnrin kan ń bá ọmọ tiẹ̀ jà lókè, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti kárí ayé, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Jayéọlá nawọ́ kó pa ẹ̀rọ. Ìyá gbá a lọ́wọ́. Ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkankan nígbà tí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀.

"Mo ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé iṣẹ́ ìjọba lo ń ṣe. Kí ni kí n wá wí fún wọn báyìí? Pé igi nìjọba?"

Gbogbo Akẹ̀sán gbọ́. Alápatà tó gbé ọ̀bẹ sókè kò rántí sọ ọ́ kalẹ̀. Alfa Mashood fúnra rẹ̀ dé, ó ṣì gbé bùtá dání, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kí màmá dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nínú ẹ̀sìn tàwọn, pé lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá ni alijánnà wà. Ó wá kọjú sí ọmọ.

"Jayéọlá, lọ tú fèrè rẹ. Bá ìyá rẹ lọ sílé. Ẹnu lásán la ó fi ṣe wàásí."

Àwọn èèyàn ní òtítọ́ ni Alfa sọ. Mátíù ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò. Jayéọlá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Ohùn Alfa náà ti orí igi jáde, ibẹ̀ ni Màmá Dorcas ti mọ̀ pé ohùn tòun ni òun ń gbọ́ lókè látẹ̀ẹ̀kan. Ó wo Alfa láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta lẹ̀ ń lé?"

"Ọmọ yín ni, màmá. Torí tiyín ni."

"Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá mi lé e? Ọmọ tó kàwé débi pé mo dúró nílẹ̀, ohùn mi wà lórí igi, òun lẹ ní kó tú ẹrù. Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú yín? Kó jáde síbí."

Kò sẹ́ni tó jáde. Fèrè méjèèjì tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn aláta, fún àwọn aláṣọ, fún Mátíù tó jẹ́ ọmọ ìjọ. Alfa ní kí màmá má bínú, pé àwọn ò lé e mọ́, ó sì gbé bùtá rẹ̀, ó lọ kírun.

Jayéọlá rọra bi ìyá rẹ̀ bóyá kí òun bá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Fèrè orí igi ni ìyá rẹ̀ ń wò. Mátíù náà béèrè bóyá kí òun máa lọ. Ó ní kó máa lọ.

Nígbà tí wàásí bẹ̀rẹ̀ padà, Màmá Dorcas rìn káàkiri ọjà, ó ń dúró, ó ń dẹ etí. Ó gba àárín àwọn obìnrin tó jókòó lórí ẹní padà wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ohùn ò dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu. Yí fèrè kan kọjú síbẹ̀."

Jayéọlá gun igi lọ.