Ó Lọ Sábẹ́

Sísọ́ọ̀sì ṣì wà láàárín aṣọ nígbà tí fóònù dún. Aránṣọ fi èjìká há a mọ́ etí, kò dá iṣẹ́ dúró, nítorí aláṣọ ti ní òun ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ló ń pè láti ilé ìwòsàn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń yára bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ó ní ó ti "go under", ó ní bó bá ti "come round" àwọn á tún pè. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́, ó pa fóònù.

Kí Aránṣọ tó wo ọwọ́ ara rẹ̀, sísọ́ọ̀sì ti la apá aṣọ náà já.

Ó jókòó. Kì í kúkú ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní gbogbo Sátidé, "go" àti "come" ni olùkọ́ sì fi ń dà wọ́n láàmú láti oṣù tó kọjá. Lọ àti wá, ohun tí ọmọ ọwọ́ mọ̀! Àmọ́ bí wọ́n bá ti so ìrù kékeré kan mọ́ ọn nídìí báyìí, ó di nǹkan mìíràn. Mílíìkì tó bà jẹ́ ti "go off". Aago tó ń ké kí èèyàn lè jí, òun náà ti "go off". Aránṣọ bi olùkọ́ pé ta ló bí irú èdè yìí, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹ̀rín lónìí. "Go" ni lọ, "under" ni abẹ́. Ẹ̀gbọ́n òun ti lọ sábẹ́. Abẹ́ wo ni wọ́n ń gbà lọ láti ilé ìwòsàn, bí kò ṣe abẹ́ ilẹ̀?

"Come round" wá ńkọ́? Ìyẹn dá a lójú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni: kí èèyàn yà kí ẹnì kan nílé. Ẹni tó ti wọlẹ̀ á ṣe tún yà kí èèyàn? Àbí àkúdàáyà ni wọ́n fẹ́ sọ ẹ̀gbọ́n òun dà? Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín sì fẹ́ gba àárín ẹkún náà yọ, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yíyà sílé èèyàn yìí gan-an ló ń pín wọn níyà. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n gbé máṣínì ìyá fún ará ìta láìbi í, máṣínì tí Aránṣọ fi kọ́ṣẹ́. Ó búra pé òun ò ní rí ẹ̀gbọ́n sójú mọ́, àfi bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà òun wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ahọ́n àti ẹnu ń jà, wọ́n ń parí ẹ̀. Tiwọn ti di ọdún mẹ́ta. Lánàá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n pè é láti ìlú mìíràn pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá òun. Aránṣọ ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ó padà sídìí iṣẹ́.

Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́ ẹkún, ó wọlé tòun ti abẹ lọ́wọ́.

"Àǹtí, kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sábẹ́."

"Abẹ́ kí ni?"

Ó tún ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sọ. Onígbàjámọ̀ mí kanlẹ̀.

"Abẹ́ oorun ni, kì í ṣe abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kí abẹ má baà dùn ún. Bó bá jí, ó ti 'come round' nìyẹn."

"Kò wá ní wá sílé mi?"

"Ẹni tí wọ́n ń la ikùn ẹ̀? Ẹsẹ̀ wo ló fẹ́ fi wá?" Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà kó tó rántí. "Ó tún ní ìtumọ̀ kẹta. Bí ẹni tó ń bínú bá tún inú rò, tí ọkàn ẹ̀ rọ̀, òun náà ti 'come round'. Ẹ jẹ́ n lọ, ìdajì orí oníbàárà ló kù nílẹ̀."

Ó yẹ kí ọkàn Aránṣọ balẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń dùn ún ni pé ẹ̀gbọ́n kò ní wá. Kò mọ̀ pé òun ṣì ń retí ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ló tó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí nọ́ọ̀sì ti rí nọ́ńbà òun. Ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n ti la ojú díẹ̀. Ó ti rù. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà mi?"

"Wọ́n ní kí n sọ nọ́ńbà ẹnì kan fáwọn." Ó sinmi díẹ̀. "Tìẹ nìkan ni mo há sórí."

Aránṣọ di irin ibùsùn mú.

"Mo fẹ́ wá sílé ẹ," ni ẹ̀gbọ́n wí, oorun ti ń gbé e lọ padà. "Ọ̀rọ̀ máṣínì yẹn..."

"Ẹ sinmi. Mo ti wá."

Ó fa àga mọ́ra. Lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní kí onítọ̀hún fọkàn balẹ̀, pé àbúrò bàbá náà ti "come round".

Aránṣọ gbọ́. Kò bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.