Orúkọ Tí Ìyá Blessing Fi Pe Nojeem

Ní agbo-ilé wa ní Bẹẹrẹ, obìnrin tí a bá gbé níyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ mìíràn fún un. Nígbà tí Ìyá Blessing wọlé, Nojeem kò tíì ju ọmọ tó ń fi èédú kọ ara ògiri lọ. Ìyàwó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé mi nìyí." Bó ṣe di Akọ̀wé nìyẹn, títí ó fi dàgbà, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà síwájú ilé.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Blessing ló fara kan tirẹ̀. Àbẹ́là àti lọ́fínńdà ló ń tà fún àwọn aládùúrà. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, Nojeem á ní, "Ẹ bá mi wo ọ̀dọ̀ mi o, ìyàwó wa." Obìnrin náà á ní, "Máa lọ, Akọ̀wé. Fi tiwa kún un."

Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé ni íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń ti já, tí iná aláwọ̀ ewé ara ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé e wá á ti kú. Tí òun bá wà níbẹ̀, kì í já. Ti ọjọ́ Jímọ̀, tí wáàsí máa ń pẹ́, kì í yẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pe àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún un, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ìgbà náà ló wá rántí pé ọ̀dọ̀ òun ni Ìyá Blessing ti ń cháàjì fóònù.

Kò pè é sí kọ̀rọ̀. Ojú àwọn oníbàárà ló ti sọ ọ́: "Ìyá Blessing, ẹ yéé yọ ẹ̀rọ mi nítorí fóònù yín. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí n máa kírun, ẹ kúkú sọ."

Obìnrin náà gbé àbẹ́là ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi?" ló ní.

Ọ̀rọ̀ dé etí Mọ́gàjí wa, Baba Àkíbù, olórí agbo-ilé. Bàbá wọ́ ọ̀pá wá, ó fìdí kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń pa á."

Nojeem ní, "Bàbá, ṣé ibí la máa sùn ni?"

"Tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ilé bàbá wa náà ni."

Bàbá ti ń tòògbé nígbà tí iná aláwọ̀ ewé náà ṣẹ́jú, tó sì kú. Ọwọ́ Ìyá Blessing wà lórí itan ara rẹ̀.

Nojeem lọ wo ètò inú ẹ̀rọ náà. Ó kà á níbẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó fúngbà díẹ̀, kí ó máa sùn. Òun ló yàn án bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á, kí dátà má baà ṣòfò, ó sì gbàgbé. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó bá lọ kírun nìkan ni ẹ̀rọ ń ráyè sùn. Ó yí i padà. Kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ má bínú sí mi. Ojú ń tì mí."

"Dìde, kí aṣọ rẹ má dọ̀tí. Mo ti gbọ́."

Wọ́n pe ìrun Àsárì. Nojeem dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi wo ọ̀dọ̀ mi."

Ìyá Blessing ń to àbẹ́là rẹ̀, kò gbójú sókè. "Máa lọ, Nojeem."

Mọ́gàjí tó ti ń lọ dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Nojeem kò lè wo ojú ẹnì kankan. Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó sì ti kọjá ẹnu mọ́ṣáláṣí kó tó rántí ibi tó ń lọ.