Bọ́tìnnì Inú Òpó

Bọ́tìnnì náà bọ́ sí i gẹ́ẹ́. Lánàá, abẹ́rẹ́ nìkan ni ibi tó sán lára òpó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yìí ń gbà. Lónìí, bọ́tìnnì kóòtù yọ̀ wọnú rẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ilé ìránṣọ wọn wà, àjà lórí àjà ló sì wà lókè orí wọn. Òpó yìí wà lára ohun tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

"Ṣé aláǹgbá lo fẹ́ gbà lálejò ni, tó o fi ń yẹ ẹnu ògiri wò?" Ẹlẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rọ tirẹ̀ wà ní ìdojúkọ òpó náà gan-an, ló sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí gbogbo wọn ń pè é nìyẹn, torí kò sí ohun tí kò lè fi ṣẹ̀rín.

"Ó tún ti sán sí i."

"Ṣebí bàbá ẹ ló bá ìjọba yẹ ilé yìí wò? Sọ fún wọn. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Àbí wọn kì í gbọ́rọ̀ ni?"

Ó sọ òótọ́ láìmọ̀. Aránṣọ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun àti bàbá rẹ̀ ò sì tíì jókòó sọ ọ̀rọ̀ tó gùn ju "ẹ káàárọ̀" lọ rí. Nílé wọn, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá bàbá sọ, ìyá ni yóò gbé e fún. Ìyá á wá sọ ọ́ fún bàbá bó bá ń gbé omi ìmu fún un lẹ́yìn oúnjẹ. Bí bàbá bá wúkọ́, kò gbà. Bí ó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Ìdákẹ́ ni wọ́n fi jẹ́ kí Aránṣọ kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ńkọ́? Ikọ́ kan péré ni, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó forí ṣánpọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló bá ìyá rẹ̀ nílé ìdáná.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ilé yẹn ò dáa. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyá ò wojú rẹ̀. Abọ́ ló ń fọ̀. "Mo gbọ́."

"Àwa tá a wà níbẹ̀ pọ̀ o."

"Mo ní mo gbọ́. Àbí etí mi di ni?"

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kọjá òpó, ìyá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àga aláwọ ńlá tí bàbá ń jókòó sí ní pálọ̀, ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti ń ránṣọ yẹn ló gbé e ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá bọwọ́ lu ìwé pé ilé rẹ̀ dáa. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí àga ń wá.

Nígbà tí bàbá jẹun tán, Aránṣọ dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ń retí ikọ́. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbọ́ tí ife omi balẹ̀ lórí tábìlì. Ikọ́ ò wá. Ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé fóònù.

"Mo ti sọ fún wọn," ó wí fún Ẹlẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gbà. Wọ́n á wá wò ó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé mi ò wá lọ́la. Oorun á kùn mí báyìí."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá ò dìde. "Ara mi ò yá," ó ní. "Má lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Dúró tì mí."

Obìnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni rèé, ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Láti kékeré ni Aránṣọ ti ń wá irú ọwọ́ yẹn. Inú rẹ̀ dùn débi tí ojú fi tì í. Àmọ́ ara ìyá ò gbóná.

"Ẹ jẹ́ n pe dókítà."

"Má pe ẹnì kankan. Jókòó."

Bàbá yọjú sí yàrá náà. Kò wo aláìsàn. Aránṣọ ló wò, bí ẹni tó ń wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ òun ṣì wà lápò, ó sì lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù tó ń ba Aránṣọ di ńlá. Kí ni bàbá ń wá lójú òun?

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí fóònù fi dún. Ọ̀gá wọn ni, ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ń fa táǹkì omi tuntun tí onílé rà gorí òrùlé. Òpó yẹ̀. Ilé wó.

"Ẹlẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"À ń pè é. Kò dáhùn."

Ọwọ́ ìyá tú kúrò lára rẹ̀. Ìyá dìde jókòó; kò sí ohun tó ṣe é. "Bàbá ẹ ló ní n má jẹ̀ẹ́ kó o lọ," ó ní. "Wọ́n mọ̀ nípa táǹkì. Wọ́n ní ilé yẹn ò lè gbé e."

Aránṣọ ò mọ bó ṣe dé pálọ̀. Kò dúró síwájú bàbá rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é rí.

"Ẹ mọ̀," ó ní. "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún wọn."

Bàbá wúkọ́.

Aránṣọ ò kúrò níbẹ̀. "Èmi ni mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé ẹ ti gbà. Ó fẹ́ jókòó sílé, ọ̀rọ̀ mi ló jẹ́ kó lọ."

Bàbá gbé orí sókè látinú àga aláwọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú kòrókòró. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ tutù, ó tilẹ̀ ní ìkẹ́ nínú, irú èyí tí Aránṣọ ti ń retí látọjọ́ tó ti gbọ́njú.

"Ṣebí ìwọ wà nílé?"