Ahọ́n Agogo

Bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ Màmá Agogo láràárọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, kò sì jiyàn. Kò tíì pẹ́ tó dé ilé ọmọ rẹ̀ tó fi jáde lọ ra iyọ̀. Àwọn ilé òpópónà náà jọra bí ìbejì, ọ̀dà kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. Nígbà tó ń bọ̀, ó gun òkè, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ó wọlé. Ó rí i pé wọ́n ti yí àga padà. Inú bí i díẹ̀ pé ìyàwó ọmọ òun kò fi tó òun létí. Ó rí abọ́ ẹlẹ́gbin nínú ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó fọ gbogbo rẹ̀. Ó ń ha ìdí ìkòkò lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan tí kò wọ̀ ju ṣòkòtò péńpé lọ yọ láti yàrá.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ta lẹ̀ ń wá?"

"Ìwọ ni kó o sọ ẹni tó ò ń wá nílé ọmọ mi!" ni Màmá Agogo fi dá a lóhùn, ó sì na ọmọrí ìkòkò sí i.

Títí dòní, tó bá rántí ṣòkòtò péńpé yẹn, ẹ̀rín ní í pa á títí á fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe pé a ò fọkàn tán yín o. Tẹ́ ẹ bá tún sọnù ńkọ́?"

"Èmi ò sọnù. Mo mọ ibi tí mo wà. Ilé yín ni kò sí níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ rẹ̀ bá ń lọ síbi iṣẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé, kọ́kọ́rọ́ á yí lẹ́yìn wọn, ó di ìrọ̀lẹ́. Màmá Agogo á jókòó. Á dìde. Á tún àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí tò. Irin ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé, ògiri ilé kejì ló sì dojú kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ọ̀run níbẹ̀, àfi kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ irin kó sì yí ọrùn bí adìẹ tó ń wo àṣá.

Ìyá tí wọ́n ń tì mọ́lé yìí, alásè ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lu agogo oúnjẹ nígbà tó wà níbẹ̀. Yóò kàn jáde sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, yóò la ẹnu, gbogbo ọmọ á tò, ti ilé ìwé kejì náà á sì mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Màmá Agogo. Ó wá gbé ohùn náà lọ sínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Kò pẹ́ tí olórí akọrin fi fà á sẹ́yìn.

"Màmá, ohùn yín yìí, Ọlọ́run ló fún yín, a dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ya ẹnu lásán. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan jáde níbẹ̀."

Ó ya ẹnu lásán níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, agogo tí wọ́n yọ ahọ́n rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ nìkan ló kù tó ti lè kọrin.

Ilé ìwẹ̀ ọmọ rẹ̀ há débi pé tó bá bẹ̀rẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ á gbá ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ń dán, ohùn sì ń ró níbẹ̀ bíi ti ènìyàn púpọ̀. Ẹsẹ kìíní orin nìkan ni Màmá Agogo máa ń mọ̀. Tó bá dé ẹsẹ kejì, ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn ló máa ń kó sí i: "Ọṣẹ, iyọ̀, àlùbọ́sà, ẹ má gbàgbé bọ́tà, halelúyà!"

Bó ṣe ké halelúyà láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni ògiri dún. Kó, kó, kó, kó.

Ó nu omi kúrò lójú. Ó tún un kọ. Ó dé halelúyà. Kó, kó, kó, kó.

Nírọ̀lẹ́, ó bi ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó mi, ta ló wà lẹ́yìn ògiri ilé ìwẹ̀ wa?"

"Há, Màmá, aláìsàn ni o. Ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ òsì nìkan ló ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ kì í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ rọra máa kọrin, ẹ má dà á láàmú."

Ojú ti Màmá Agogo. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ògiri tún dún. Ó wá pa ẹnu mọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ògiri kò yé dún. "Ó ń bú mi sílẹ̀ de ọ̀la ni," ló sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ògiri náà dákẹ́, ilé wá rí bí inú ìkòkò tí wọ́n dé.

Ìgbà yẹn gan-an ni pásítọ̀ wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi pé, "Ọlọ́run kò dá ẹnikẹ́ni láìnídìí. Ìpè kan wà lórí olúkúlùkù wa. Ẹni tí kò bá mọ ìpè tirẹ̀, jíjẹ àti sísùn ló kàn wá ṣe láyé."

Màmá Agogo ti jẹ búrẹ́dì kó tó wá, ó sì ti sùn nígbà tí wọ́n ń ka Bíbélì. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì: Olúwa, kí lo ṣì fi mí sílẹ̀ ṣe? Ìgbà wo lo pè mí? Ṣé ibi ìkòkò ìrẹsì ni mo wà tí n kò fi gbọ́?

Kò rí ìdáhùn. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ń padà sílé òun.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Màmá? Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Adìẹ wà níbẹ̀. Mo lè pariwo mọ́ adìẹ."

"Màmá, ẹ ò ní adìẹ."

"Màá rà."

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Wọ́n gbé báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ní òun á kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án wá mú un lọ sí ibùdókọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn bí ìṣe wọn. Màmá Agogo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó wẹ̀ láì kọrin, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kó lè jáde. Ọwọ́ ilẹ̀kùn já sí i lọ́wọ́.

Ó wò ó bí ẹni tó bọ ènìyàn lọ́wọ́ tí ọwọ́ onítọ̀hún wá já. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Wọ́n tì í mọ́lé, ilé ìwẹ̀ tún tì í mọ́nú! Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ó fi ìdí gbá a, ìdí tí kì í sì í ṣe kékeré. Ilẹ̀kùn kò mira. Ó wá la ẹnu ké, ohùn tó ń kó odidi ilé ìwé jọ, ohùn náà gbá ara ògiri, ó padà sí etí ara rẹ̀.

Ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e nínú tówẹ̀lì tí kò yí i ká. Kò sí fèrèsé, àfi ihò kékeré kan lókè. Ooru mú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún náà ṣe máa rí nìyí, ó rò ó: òun nìkan, ohùn òun nìkan.

"Ọlọ́run," ó ní, "mo bi Ọ́ ní ohun tí O fi mí sílẹ̀ ṣe, O ò dáhùn. Mo ní kí n kúkú máa lọ, O tì mí mọ́ ilé ìwẹ̀. Ìhòòhò ni mo wà níwájú Rẹ yìí o. Tó bá jẹ́ pé O ti pè mí rí tí ariwo mi ò jẹ́ kí n gbọ́, jọ̀wọ́, tún mi pè. Màá dákẹ́."

Ó dákẹ́ lóòótọ́.

Kó, kó, kó, kó.

"Mi ò kọrin o!" ló bú jáde sí ògiri. "Mo ti dákẹ́ látọjọ́ yìí! Ilẹ̀kùn ló tì mọ́ mi. Ẹ bá mi pe ènìyàn!" Ó wá rántí. "Há, ẹ má bínú, ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ kan ògiri lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Kó.

"Ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín?"

Kó, kó.

"Ṣé wọ́n ti yín mọ́lé ni?"

Kó.

"Àwa méjèèjì nìyẹn. Ṣé ẹ wọṣọ?"

Kó.

"Ẹ sàn jù mí lọ."

Ìkànkàn rọ́ lu ara wọn, kò lónkà. Ó yé e pé ọkùnrin náà ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìró rẹ̀ sì jọ ti ṣíbí. Ara tù ú díẹ̀.

"Ẹ forí jì mí nítorí orin ìjọsí. Ṣé ó dà yín láàmú púpọ̀?"

Kó, kó.

Màmá Agogo fa ojú ro. "Kí lẹ wá ń kan ògiri fún? Ṣebí kí n lè dákẹ́ ni?"

Kó, kó! Ó le débi pé omi tó kù sílẹ̀ mì.

Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. "Ṣé kí n máa kọ ọ́ ni?"

Kó. Lẹ́yìn ẹyọ kan yẹn, ó gbọ́ tí ṣíbí ń wọ́ lára ògiri lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó rẹ ọwọ́.

Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó ti pa ẹnu mọ́, tí ọkùnrin náà ṣì ń kàn án. Ó ń pe òun ni. Láràárọ̀ ló ń pe òun, òun sì ń pè é ní èébú, títí tó fi sú ẹni tó ń pè.

"Olúwa," ó rọra ní, "ilé ìwẹ̀? Nínú gbogbo ibi tí O lè gbà pè mí?" Ó fi etí tówẹ̀lì nu ojú. Ó kọrin.

Ó kọ ẹsẹ kìíní. Ó kọ ọṣẹ, iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Nígbà tó dé ha, le, lú, yà, ògiri dáhùn, kó, kó, kó, kó, ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó yẹ kó wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ti ń wí látìbẹ̀rẹ̀.

Wọn kò tíì sinmi tí ọmọ rẹ̀ fi sáré wọlé. Ó fi ọ̀bẹ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ nínú tówẹ̀lì, ó bo ojú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ibẹ̀ lo ti jáde, kí lò ń bojú fún? Gbé báàgì yẹn padà sí yàrá."

"Ọkọ̀ ń dúró, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ní ilé yìí ti há mọ́ yín jù."

"Ó ṣì há. Nítorí náà, ẹ máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà lọ kí aládùúgbò wa. Màá bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bá dé."

"Tẹ́ ẹ bá tún wọ ilé onílé ńkọ́?"

"Màá bá wọn fọ abọ́ wọn."

Ọmọ rẹ̀ wo báàgì, ó wo ìyá rẹ̀. "A ó sọ ọ́ nírọ̀lẹ́," ló wí. Kò tíì fún un ní kọ́kọ́rọ́, Màmá Agogo sì mọ̀ pé ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó fún òun. Ó yí padà wọ ilé ìwẹ̀.

"Ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ọkọ mi. Kì í ró dáadáa tó bá ṣí sílẹ̀."

"Màmá, kò ní ọwọ́ mọ́ o! Tí mo bá tì í—"

"Dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ. Màá pè ọ́."

Ilẹ̀kùn tì. Ó la ẹnu, kì í ṣe lásán. Nígbà tó dé òpin, kì í ṣe ṣíbí ló kọ́kọ́ dáhùn. Ohùn kan ló dìde lẹ́yìn ògiri, ó wọ́, ó há, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ti pẹ́ ní gáréèjì tí wọ́n ń gbìyànjú láti ṣíná sí. Ó burú ju ohùn tirẹ̀ lọ.

"Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí lóde, "ta nìyẹn?"

"Ẹgbẹ́ akọrin mi ni. Pa ẹnu mọ́, a ò tíì parí."

Ha, ni ohùn náà wí. Le. Ó pẹ́ kó tó rí lú mú jáde. Èémí tán nílẹ̀. Màmá Agogo di ẹnu rẹ̀ mú, kò bá a sọ yà tó kù, ó kàn fi etí lé ògiri.

Kó.