Bàbá Mú-un-wá Pa Ẹnu Mọ́

Káfíńtà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dán mọ́rán, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Ohunkóhun téèyàn bá ń ṣe lójú rẹ̀, á ní, "Mú un wá!" á sì já a gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Mú-un-wá. Ó ti já abẹ́rẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó já ayùn gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì yọjú sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. "Bàbá ẹ á kó ara ẹ̀ níjàánu. Ó ti ṣèlérí fún mi."

Lọ́jọ́ tí ọmọ padà, àga kan fún ìyá àgbà rẹ̀ ló ń kàn. Ó ti gé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó wọn ìkẹrin, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà. Bàbá rí i kedere pé ìlà náà fi ìka mẹ́ta kúrú. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ ìdí, ó jókòó lé e. Òógùn bò ó. Ayùn gé e tán.

Ọmọ kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó wò wọ́n, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ sì dákẹ́?" Omijé lé ròrò sí i lójú. "Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi ni?"

Ọkàn bàbá dàrú pátápátá. Lọ́jọ́sí, jíjá a gbà ló di ẹ̀ṣẹ̀. Lónìí, ìdákẹ́ náà ti dẹ̀ṣẹ̀. Ó wọlé lọ ro ẹjọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Mo ní kẹ́ ẹ má já nǹkan gbà mọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ yadi!"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó yẹ?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ẹ lọ bi í."

Nígbà tó padà, ọmọ ti gbé igi mìíràn sórí tábìlì.

"Ṣé kí n sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ṣì dúró ná."

Ó dúró. Ẹnu ń ta á bí ẹni tó jẹ ata. Nígbà tó yá, ọmọ fa ìlà, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó yá, ẹ wò ó."

Ìlà náà pé. Bàbá la ẹnu, ó tún pa á dé. "Ó dáa," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Àbí ẹ kàn fi ń tù mí nínú ni?"

"Rárá o. Àbí... èmi alára ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́. Gé e, ká wò ó."

Ó gé e. Ó bá ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù dọ́gba.