Omi tí Maxime Gbé Wá

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wá. Wọ́n kò tilẹ̀ pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n fi gba ara Olúwa láàárọ̀. Bàbá Ẹ̀taòkò, olórí ẹbí wa ní Akparé, ló ṣáájú. Gilbert tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kátẹ́kísìmù tẹ̀ lé e. Maxime, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló kẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi bí ẹni gbé ẹyin. Bàtà rẹ̀ ń dán. Mo mọ ohun tó tà kí bàtà náà tó dán.

Maxime ló mú Inès ọmọ mi àti Laetitia, ọmọ àbúrò mi obìnrin, kọjá ẹnubodè, ó ní wọ́n ń lọ kọ́ aṣọ rírán. Laetitia padà. Inès kò padà. Ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí, n kò mọ̀ ọ́n.

Laetitia ti sọ tẹnu rẹ̀ fún àwọn jandámù, ọlọ́pàá ìjọba. Ó ku kí ó sọ ọ́ níwájú adájọ́ ní Atakpamé lọ́jọ́bọ̀. Nítorí Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe gbé omi wá. Nílé wa, ẹni tó bá mu omi ìpẹ̀tù ti pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà títí ayé.

Bàbá Ẹ̀taòkò jókòó. "Ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ?"

"Ọmọ tèmi ti lọ síbi tó jìnnà ju ẹ̀wọ̀n lọ, Bàbá."

Gilbert mí kanlẹ̀. "Bàbá Inès, ìdáríjì ni Jésù..."

"Gilbert, jẹ́ kí Jésù sinmi. Ìwọ lo wá."

"Àwọn ọmọ náà gbà láti lọ," Bàbá Ẹ̀taòkò wí. "Ta ló dè wọ́n lókùn?"

"Ọmọdé ni wọ́n. Òfin kò bi ọmọdé bóyá ó gbà. Ẹni tó mú un lọ ló ń bi."

Agbẹjọ́rò ìjọba ló ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ó ní inú yàrá títì ni Laetitia yóò ti sọ̀rọ̀, Maxime kò ní rí ojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn. Àwọn àjèjì ló ro tirẹ̀ débẹ̀. Ẹbí rẹ̀ gbé igbá omi wá bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tó dúró sí. Ọmọ wa kì í kọ ohun tí àgbà bá nà sí i. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ó dára. Àmọ́ ẹni tó gbé omi wá gbọ́dọ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sórí omi kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Àbí àṣà ti yí padà, Bàbá?"

Kò lè sọ pé ó ti yí padà. Àṣà ló gbára lé wá.

Maxime kúnlẹ̀. "Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú."

"Ìkíni nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ní kí o kà."

Ó wo Bàbá Ẹ̀taòkò. Oúnjẹ ń dúró de àgbà náà nílé. "Sọ ọ́, jẹ́ ká parí," ó wí.

Ó sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀ pé kò sí ilé aṣọ rírán kankan. Ó dárúkọ ọkùnrin tó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ òun, tó sì sanwó. Ó ní nígbà tí wọ́n pè pé ara Inès kò yá, òun pa fóònù. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé iṣu tó jẹrà. Mo ń wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ wálẹ̀. Èmi ni mo gbé orí yẹn dání nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún un.

Bàbá Ẹ̀taòkò na igbá sí Laetitia. "Mu, ọmọ mi."

Ó gbà á. Ó wò mí. Ó yí padà, ó da omi náà sínú abọ́ àwọn adìẹ.

"Kí adìẹ mu ún, Bàbá," ó wí. "Adìẹ ò lẹ́jọ́ ní Ọjọ́bọ̀."

Maxime fò dìde. "Ẹ tàn mí!"

"Àwa?" mo wí. "Ṣé a ní kí o wá kọ́ aṣọ rírán ni?"

Gilbert ti ń wá fìlà rẹ̀. Mo yíjú sí olórí ẹbí wa. "Bàbá, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ orí omi kì í sẹ́ ẹ. Ìyẹn náà wà nínú àṣà."

Lọ́jọ́bọ̀, Laetitia sọ̀rọ̀ nínú yàrá títì. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe Bàbá Ẹ̀taòkò wá jẹ́rìí. Ó ń wo ilẹ̀ nígbà tí adájọ́ bi í bóyá Maxime jẹ́wọ́.

"Ó sọ ọ́," ó wí. "Lórí omi."

Nígbà tó ń jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. N kò dìde fún un.